Àgùntàn tó bá ajá rìn, àbí ìwà jọ ìwà? Èwo ni ìwádìí gbè lẹ́yìn?

Tíṣà_Agboolé | Àbámẹ́ta, 8:12 àárọ̀

Ẹ kú òpin ọ̀sẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Láti Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti ń yí lọ́kàn mi. Mo kọ òwe méjì sójú pátákó fún kíláàsì SS2 mi: "Àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́," àti "Ìwà jọ ìwà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ ọ̀rẹ́." Mo ní kí wọ́n ṣàlàyé. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nawọ́ sókè, ó ní: "Tíṣà, òwe méjèèjì ń ta ko ara wọn. Ti àkọ́kọ́ ní ọ̀rẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ti ìkejì ní bó ti rí tẹ́lẹ̀ ló fi yan ọ̀rẹ́." Agogo ló gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri lórí fóònù. Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, Framingham lorúkọ rẹ̀. Láti 1948 ni àwọn dókítà ti ń yẹ ara àwọn èèyàn ibẹ̀ wò lóòrèkóòrè, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń fa àrùn ọkàn. Kí wọ́n má baà wá ẹnikẹ́ni tì nígbà àyẹ̀wò mìíràn, wọ́n máa ń gba orúkọ mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ tó lè mọ ibi tí ẹni náà wà. Inú fáìlì ni àwọn ìwé yẹn wà títí Nicholas Christakis, tó jẹ́ dókítà, àti James Fowler, tó jẹ́ onímọ̀ ìṣèlú, fi gbọn eruku orí wọn. Wọ́n fi so èèyàn 12,067 mọ́ ara wọn bí àwọ̀n, wọ́n sì wo bí ara kálukú ṣe ń yí padà láti 1971 dé 2003.

Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 nìyí: bí ọ̀rẹ́ ẹni bá sanra kọjá ààlà, ewu pé òun náà á sanra á fi ìdá 57 nínú 100 lé sí i. Bó bá jẹ́ ọmọ ìyá ẹni, ìdá 40. Ọkọ tàbí aya ẹni, ìdá 37. Ọ̀rẹ́ ju ọkọ lọ!

Ṣé àgùntàn àti ajá ló jàre nìyẹn? Ẹ bá mi dá sí i. Ọjọ́ Ajé ni màá tún fojú kan ọmọ náà.

BàbáOlóko | Àbámẹ́ta, 8:40 àárọ̀

Wọ́n fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n wo èèyàn kí wọ́n tó mọ ohun tí bàbá mi tí kò mọ̀wé mọ̀. Ẹni tó jẹun ló sanra. Mo ń lọ sóko.

ÌyáBéjì_Nọ́ọ̀sì | Àbámẹ́ta, 9:55 àárọ̀

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò sì tètè gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé. Obìnrin mẹ́ta ló ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn wa. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, aṣọ kan náà ni wọ́n ń dá lọ́dọọdún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní báyìí, ọ̀já kékeré tí a fi ń wé apá wọn láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kò ká wọn mọ́, ńlá la ń lò.

Ṣé wọ́n kó o ran ara wọn ni? Rárá o. Bùkà kan ló ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ ni wọ́n ń gbé bọ̀ láti ilé. Ní báyìí, kó tó di aago mẹ́wàá, àmàlà gbígbóná àti ẹran ti wà níwájú wọn. Bùkà ló jẹ̀bi, ẹ má fi ọ̀rẹ́ ṣe.

Tíṣà_Agboolé | Àbámẹ́ta, 10:20 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an mà. Ohun tí èmi náà kọ́kọ́ rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n wo aládùúgbò pẹ̀lú. Bí ẹni tó ń gbé ògiri kejì bá sanra, kò ràn ẹ́nikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ilé oúnjẹ kan náà ló yí wọn ká. Ọ̀rẹ́ tó sì ti kó lọ sí ìlú mìíràn, tirẹ̀ ń ràn síbẹ̀. Bùkà wo ló lè wà ní ìlú méjì lẹ́ẹ̀kan náà?

Onísírò | Àbámẹ́ta, 12:03 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń fi oyè kejì mi jà. Ohun mẹ́ta ló lè mú kí ọ̀rẹ́ méjì jọra: kí ọ̀kan kó o ran èkejì, kí wọ́n ti jọra kí wọ́n tó pàdé, tàbí kí bùkà Ìyá Béjì mú àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ ńlá ni láti yọ ọ̀kan kúrò lára àwọn yòókù.

Christakis àti Fowler mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dá ọgbọ́n kan. Ẹ jẹ́ ká sọ pé Àjàó pe Bọ́lá ní ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bọ́lá kò dárúkọ Àjàó. (Ó ń ṣẹlẹ̀, ẹ má sunkún.) Bó bá jẹ́ bùkà ló fà á, á mú àwọn méjèèjì bákan náà. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí Bọ́lá bá sanra, Àjàó á máa tẹ̀ lé e. Bí Àjàó bá sanra, kò kan Bọ́lá. Bí àwọn méjèèjì bá sì dárúkọ ara wọn, ó di ìdá 171! Ẹni tí ojú rẹ ń wò ló ń fà ọ́.

Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ìgbà tó yá ni mo ka ti Cohen-Cole àti Fletcher, tí wọ́n gbé jáde ní 2008. Wọ́n mú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, wọ́n fi wo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé Amẹ́ríkà, wọ́n sì béèrè bóyá ìrorẹ́, orí fífọ́ àti gíga ń ràn láàárín ọ̀rẹ́. Ìṣirò náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ràn. Gíga! Ta ló ga nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ga? Nígbà tí wọ́n túbọ̀ ka ohun tó yí àwọn ọmọ náà ká mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ pòórá.

Ní 2011, Shalizi àti Thomas wá fi ìṣirò hàn pé bí a bá kàn ń wo àwọn ọ̀rẹ́ láti òkèèrè, kò sí bí a ṣe fẹ́ ya òwe àkọ́kọ́ kúrò lára ìkejì, bó ti wù kí àkọsílẹ̀ wa pọ̀ tó. Tíṣà, ọmọ kíláàsì yín ti sọ ọ́ láìlo àmì ìṣirò kankan.

Jẹ́jẹ́layé | Àbámẹ́ta, 12:11 ọ̀sán

Ìrorẹ́ tó wà lójú mi, ọwọ́ ọ̀rẹ́ ló ti wá. Mo ti mọ̀ ọ́n lára 😂

Tíṣà_Agboolé | Àbámẹ́ta, 12:30 ọ̀sán

Onísírò, o ti tú ilé ká, bá wa tún un kọ́. Báwo la ṣe máa wá mọ̀?

Onísírò | Àbámẹ́ta, 1:15 ọ̀sán

Kèké ni, sà. Bí èèyàn bá fúnra rẹ̀ yan ọ̀rẹ́, ìwà jọ ìwà ti bá wọn wọlé. Bó bá jẹ́ pé kèké ló yàn án fún un, ìwà jọ ìwà ti bọ́ síta. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ti àgùntàn àti ajá ni.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan wà ní New Hampshire, Dartmouth, tó jẹ́ pé bíi kèké ni wọ́n ṣe ń pín yàrá fún àwọn ọmọ ọdún kìíní. Bruce Sacerdote fi wọ́n ṣe ìwádìí, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2001. Ó rí i pé ẹni tí wọ́n fi sínú yàrá pẹ̀lú rẹ ń fa máàkì rẹ sókè tàbí sílẹ̀, ó sì ń kópa nínú bóyá wàá wọ irú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní fraternity lọ́hùn-ún (kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn tiwa o). Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wàá fi gboyè, kò lágbára kankan lórí ìyẹn. Èyí ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀: ọ̀rẹ́ ń ran ọ̀rẹ́, àmọ́ kì í ṣe nínú ohun gbogbo.

Fowler náà kò jókòó. Òun wà lára àwọn tó bá Facebook ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ ìdìbò Amẹ́ríkà, 2 Oṣù Kọkànlá 2010. Èèyàn mílíọ̀nù 61 ni. Àwọn kan rí ìránnilétí pé kí wọ́n lọ dìbò pẹ̀lú àwòrán ojú àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó ti dìbò. Àwọn kan rí ìránnilétí lásán, láìsí ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn kan kò rí nǹkan kan. Àwọn tó rí ìránnilétí lásán kò yàtọ̀ sí àwọn tí kò rí nǹkan kan. Ojú ọ̀rẹ́ ló gbé èèyàn dìde. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìbò 340,000 ló ti ibẹ̀ wá, 60,000 láti ọ̀dọ̀ àwọn tó rí i fúnra wọn, 280,000 láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wọn.

BàbáOlóko | Àbámẹ́ta, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Mo ti oko dé. Mílíọ̀nù 61. Ta ló gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn?

Onísírò | Àbámẹ́ta, 7:32 alẹ́

Bàbá, ibi tó ń dunni lẹ fọwọ́ kàn. Ní oṣù kìíní 2012, Facebook tún ṣe òmíràn fún ọ̀sẹ̀ kan: wọ́n dín ọ̀rọ̀ ayọ̀ kù lójú àwọn kan, wọ́n dín ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ kù lójú àwọn kan, láti mọ̀ bóyá inú ń ràn. Èèyàn 689,003, kò sì sẹ́ni tí wọ́n bi léèrè nínú wọn. Nígbà tó jáde ní 2014, ariwo ta. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síta pé ọ̀rọ̀ náà kọ òun lóminú. Àbájáde wá kéré bí orí abẹ́rẹ́: inú ń ràn lóòótọ́, àmọ́ táńtán.

BàbáOlóko | Àbámẹ́ta, 7:41 alẹ́

Wọ́n bà wọ́n nínú jẹ́ láti mọ̀ bóyá inú wọn á bàjẹ́. Ó dáa.

Ọmọ_Peckham | Àìkú, 1:05 òru

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Gbogbo yín ń sọ ti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, kò sẹ́ni tó rántí àwọn tí a kàn mọ̀ lójú.

Nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, ọdún kan gbáko ni mo fi ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ràn mi dénú, wọ́n ń gbàdúrà fún mi, ṣùgbọ́n ilé ìkẹ́rùsí yẹn náà ni gbogbo wọn mọ̀! Ẹni tó sọ iṣẹ́ tí mo wà báyìí fún mi, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti rí i rí, ibi ìsọmọlórúkọ la ti pàdé. Mi ò mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ títí dòní.

Mo rò pé orí mi ló ṣe é, àfìgbà tí mo kà nípa Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà. Ó bi àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Newton, lẹ́bàá Boston, léèrè ẹni tó júwe iṣẹ́ fún wọn àti bí wọ́n ṣe máa ń rí ẹni náà tó lásìkò yẹn. Nínú àwọn tó rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ojúlùmọ̀, ìdá 16.7 nínú 100 péré ló ń rí i lóòrèkóòrè. Ìdá 55.6 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdá 27.8 kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i rárá. Ohun tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ mọ̀, ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jìnnà díẹ̀ ló ń mú ọ̀rọ̀ agbo mìíràn bọ̀. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ kan ti kọ́kọ́ kọ̀ láti tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní 1969, kó tó di pé òmíràn tẹ̀ ẹ́ ní 1973. Ẹ tún wá wo bó ṣe di olókìkí.

Nítorí náà, ẹ máa lọ síbi ìsọmọlórúkọ.

Jẹ́jẹ́layé | Àìkú, 7:20 àárọ̀

Mo ti ní ìdí láti jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù láìmọ bàbá ọmọ. Ẹ ṣé o.

BàbáOlóko | Àìkú, 8:02 àárọ̀

Èyí ni mo gbà nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ra ilẹ̀ mi tó kẹ́yìn, inú mọ́tò la ti pàdé.

Tíṣà_Agboolé | Àìkú, 4:18 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé gbogbo yín. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Bí mo ti ka ti Dartmouth tán, mo ní ó tì, mo mọ ohun tí màá ṣe: màá fi àwọn tó mọ̀wé jókòó ti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ajá bá lè kọ́ àgùntàn ní ìgbẹ́ jíjẹ, ṣé ẹni tó mọ̀wé kò lè kọ́ ẹnì kejì ní ìwé kíkà? Mo ti ya àwòrán àga kíláàsì náà sínú ìwé mi.

Onísírò | Àìkú, 5:00 ìrọ̀lẹ́

Ẹ dúró ná, sà! Wọ́n ti ṣe é rí.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun òfuurufú Amẹ́ríkà tó wà ní Colorado máa ń fi kèké pín àwọn ọmọ tuntun sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́. Carrell, Sacerdote (ti Dartmouth yẹn náà) àti West wo àkọsílẹ̀ ọdún tó ti kọjá, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí wọ́n bá kó àwọn tí kò mọ̀wé púpọ̀ pọ̀ mọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á gòkè. Ilé ẹ̀kọ́ náà gbà. Wọ́n to ìdajì àwọn ọmọ tuntun bí ìṣirò ṣe wí, wọ́n fi ìdajì yòókù sílẹ̀ fún kèké.

Nígbà tí èsì dé, àwọn tí wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́ ló wá ṣe burú ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí kèké pín lọ.

Kí ló fà á? Inú ẹgbẹ́ tí wọ́n fara balẹ̀ tò yẹn, àwọn olórí pípé bá àwọn olórí pípé lọ, àwọn tó wà nísàlẹ̀ kó ara wọn jọ sí igun tiwọn. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n jọ rìn, wọ́n ń yẹra fún ara wọn. Ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 2013 nìyẹn. Ìgbà tí mo kà á ni mo tó gbà pé òwe méjèèjì kì í jà. Ajá ń ran àgùntàn lóòótọ́, àmọ́ ẹ ò lè fún àgùntàn ní ajá tí yóò bá rìn. Òun ni yóò yàn án.

Tíṣà_Agboolé | Ọjọ́ Ajé, 3:47 ọ̀sán

Mo sọ ti Colorado fún ọmọ náà ní ìsinmi ọ̀sán. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ò mọ̀ pé bí ẹ bá ti jáde ni gbogbo wa máa ń padà sí àga tiwa?"

Mi ò mọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń kọ́ni.

ÌyáBéjì_Nọ́ọ̀sì | Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́

Ẹ̀rín pa mí. Onísírò ọmọ mi, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan tó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Bó ṣe rí yẹn, kí ni èmi lè fi ṣe? Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé bá ti kù dẹ̀dẹ̀, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ la máa ń lọ. Baálẹ̀ á gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, á fún wa lómi mu, á ní òun ti gbọ́. Pálọ̀ rẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ máa ń kú sí. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, àá jókòó, àá máa wo ẹnu ọ̀nà.

Onísírò | Ọjọ́ Ajé, 10:25 alẹ́

Màmá, ìbéèrè yín ni wọ́n dáhùn ní Haryana, ní Íńdíà. Banerjee, Chandrasekhar, Duflo àti Jackson ni wọ́n, méjì nínú wọn sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Abúlé 521 ni wọ́n lò, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára náà sì ni. Ní àwọn abúlé kan, wọ́n fi kèké mú àwọn tí wọ́n máa sọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ fún. Ní àwọn mìíràn, wọ́n kọ́kọ́ bi ará abúlé pé ta ni ọ̀rọ̀ máa ń tẹnu rẹ̀ tàn kálẹ̀, àwọn tí wọ́n dárúkọ ni wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà fún. Lédè tiwa, wọ́n wá olófòófó abúlé.

Àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù fi ìdá 22 nínú 100 pọ̀ sí i níbi tí olófòófó ti gbé ọ̀rọ̀. Nínú ìdánwò mìíràn tí àwọn náà ṣe, olófòófó tún dára ju àwọn àgbà ẹni ọ̀wọ̀ lọ. Ẹ tún gbọ́ èyí: àwọn tí ará abúlé ń dárúkọ kì í ṣe àwọn tó lọ́rẹ̀ẹ́ jù tàbí àwọn tó wà nípò nìkan. Ojúkò àwọ̀n ni wọ́n jókòó sí, gbogbo ìlú ló sì mọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ya àwòrán àwọ̀n náà rí. Bí èèyàn bá ti ń gbọ́ ìròyìn lágbájá lemọ́lemọ́, ó ti mọ̀ pé lágbájá ló wà láàárín.

BàbáOlóko | Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀

Ẹ̀bùn Nobel fún olófòófó. Ìyàwó mi gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí.

ÌyáBéjì_Nọ́ọ̀sì | Ọjọ́rú, 8:30 alẹ́

Ẹ kúulé o. Mo dán an wò. Láàárọ̀ òní, mo bi ìyá márùn-ún tó gbé ọmọ wá pé, "Bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan dé gbogbo àdúgbò yìí, ta ni ká sọ ọ́ fún?" Mo rò pé wọ́n á ní ìyálọ́jà. Ẹnì kan ló dárúkọ ìyálọ́jà. Àwọn mẹ́rin yòókù dárúkọ obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ní ìkóríta. Mi ò tíì bá a sọ̀rọ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá níwájú ẹ̀rọ rẹ̀.

Onísírò | Ọjọ́rú, 8:44 alẹ́

Èèyàn márùn-ún kì í ṣe ìwádìí o, mà 😄 Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá a.

ÌyáBéjì_Nọ́ọ̀sì | Ọjọ́bọ̀, 7:05 alẹ́

Mo lọ lẹ́yìn iṣẹ́. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀, mo dúró dìgbà tó pa á. Kí n tó la ẹnu, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní àná ni ẹ ti ń béèrè mi."